Ṣé Màmá lè bá wa dé Grand Canyon nínú ooru oṣù Keje?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Oṣù Keje nìkan ni àyè máa ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wa, torí pé àwọn ọmọ á wà nínú ìsinmi, ìyá ọkọ mi á sì ti dé láti Ìbàdàn. A fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́jọ láti fẹsẹ̀ rìn ní àwọn páàkì Utah àti Arizona: Zion, Bryce Canyon, Arches, Canyonlands àti Grand Canyon. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún 14, fídíò òkè Angels Landing tó wà ní Zion ló ń wò kó tó sùn. Àwọn ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún 9, wọ́n ń parí kíláàsì kẹrin lọ́wọ́. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 68, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ ara wọn yá gágá. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ oòrùn fún wọn, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Wọ́n ní àwọn gun òkè Ìdánrè nígbà tí àwọn ń ṣe tíṣà, oòrùn wo ni Òyìnbó tún fẹ́ fi han àwọn? Ṣé ó ṣe é ṣe, ibo ni ká sì ti bẹ̀rẹ̀? Èmi Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ó ṣe é ṣe, Màmá á sì gbádùn ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe páàkì márùn-ún lọ́jọ́ mẹ́jọ. Ẹ yọ Arches àti Canyonlands kúrò. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Moab ni àwọn méjèèjì wà, láti Bryce dé ibẹ̀ sì ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú ọkọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tìtorí ẹ̀ lọ sí Arches, èyí tó lọ sí Delicate Arch, jẹ́ máìlì mẹ́ta ní àlọ àtàbọ̀ lórí àpáta gbalaja tí kò ní ìbòòji. Ní oṣù Keje, ooru ibẹ̀ sábà máa ń tó 38°C. Ní oṣù yẹn kan náà ní ọdún 2024, bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ẹni ọdún 23 ṣìnà ní Canyonlands, omi tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí 911, nọ́ńbà pàjáwìrì. Kí àwọn tó ń wá wọn tó débẹ̀, àwọn méjèèjì ti kú. Ẹ fi Moab sílẹ̀ di oṣù Kẹrin tàbí oṣù Kẹwàá ọdún míì, kí ẹ fi ọjọ́ mẹ́jọ yìí ṣe Bryce, Zion àti bèbè gúúsù Grand Canyon, tí wọ́n ń pè ní South Rim.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ oòrùn. Màmá ò parọ́, ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn mọ oòrùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló yàtọ̀. Nílé, tí ooru bá mú wa, òógùn á bò wá, aṣọ á lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn, a ó sì mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti jókòó ká mu omi. Houston náà ò yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀, ooru olómi ni tiwọn. Ní aṣálẹ̀ Utah àti Arizona, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́. Òógùn ń jáde lára yín, ó sì ń jáde púpọ̀, àmọ́ ó ti gbẹ kí ẹ tó rí i. Èèyàn á fọwọ́ kan ara rẹ̀, á bá a ní gbígbẹ, á ní òun ò tíì ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ kó ọyẹ́ oṣù Kejìlá pọ̀ mọ́ oòrùn ọ̀sán oṣù Kẹta, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ nìyẹn. Ètè á bó, gìgísẹ̀ á sán, imú àwọn ìbejì sì lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní òru àkọ́kọ́. Tí Màmá bá ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n mú òrí dání láti ọjà, yóò wúlò ju gbogbo ìpara tí ẹ lè rà ní Las Vegas lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé aláwọ̀ dúdú ò nílò ìpara ààbò oòrùn. Oòrùn ibẹ̀ ń jó àwa náà.

Ìdánrè tí wọ́n gùn yẹn dára púpọ̀, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn lè tan ẹsẹ̀ wọn jẹ ní Grand Canyon. Ní Ìdánrè, ibi tó le ló ṣáájú. Ẹ̀ ń gùn, ó ń rẹ̀ yín, ẹni tí kò bá lè gùn mọ́ á yípadà, ìsàlẹ̀ á sì gbà á lọ́wọ́ wàhálà. Ní Grand Canyon, orí òkè ni ẹ máa gbé ọkọ̀ sí. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ṣáájú, ní òwúrọ̀ tútù, nígbà tí ara ṣì le, tí àpò ẹ̀yìn ṣì kún fún omi. Ẹsẹ̀ á máa lọ fúnra rẹ̀. Èèyàn á ní kí òun kàn dé kọ́nà tó kàn yẹn, kọ́nà á bí kọ́nà. Ìgbà tó bá yípadà ni òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oòrùn sì ti dé àárín ọ̀run, omi ti dín. Ohun mìíràn tún wà: bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, bíi 3°C fún gbogbo 300 mítà. Ní oṣù Keje, nígbà tó bá jẹ́ bíi 29°C lórí bèbè gúúsù, tí Màmá ń jẹ áísìkiriìmù lábẹ́ igi, ìsàlẹ̀ létí odò Colorado ti ń lọ sí 41°C, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí rẹ̀ nínú ìdílé yín kì í ṣe Màmá. Màmá á rìn díẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní ó tó. Ọkọ yín àti àkọ́bí ni. Nínú ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti fi ń mú àwọn ìdílé rìn ní gúúsù Utah àti àríwá Arizona, èmi ò tíì rí ìyá àgbà tí ojú tì láti yípadà. Àwọn bàbá tí ọmọ wọn ń wò wọ́n lẹ́nu ni ojú máa ń tì. Àwọn rénjà Grand Canyon, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ páàkì, náà á sọ fún yín pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tára wọn le pọ̀ gan-an nínú àwọn tí wọ́n ń lọ gbé nísàlẹ̀. Pátákó ìkìlọ̀ wà lójú àwọn ọ̀nà ńlá níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú láti dé odò kó sì padà lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kìlọ̀ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí èèyàn má ṣe rìn nínú ọ̀gbun láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí àkọ́bí ka pátákó náà sókè fún bàbá rẹ̀.

Òfin tí mo máa ń fún àwọn ìdílé rọrùn: ìgòkè á gba ìlọ́po méjì àkókò tí ìsọ̀kalẹ̀ gbà. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ìpadàbọ̀. Omi náà bẹ́ẹ̀. Tí ìdá mẹ́ta rẹ̀ bá ti lọ, ẹ yípadà, ibi yòówù kí ẹ dé.

Ìwọ̀n omi tí àwọn páàkì aṣálẹ̀ ń sọ ni lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ ó wà nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó ju ogún lítà lọ níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ máa bù ú kún bí ẹ ṣe ń dé ibi tí ẹ̀rọ omi wà. Ṣùgbọ́n omi nìkan tún lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Òógùn ń kó iyọ̀ jáde, tí èèyàn bá wá ń mu omi lásán láti àárọ̀ láìjẹun, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa lọ́. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ á rò pé òùngbẹ ni, wọ́n á tún fún un lómi sí i. Ẹ máa jẹ nǹkan oníyọ̀ bí ẹ ṣe ń mu omi. Ibí ni àwa ti lówó lọ́wọ́: ìpékeré, ẹ̀pà, ṣinṣín, kílíṣí, gbogbo wọn kì í bàjẹ́ nínú ooru, àwọn ọmọ ò sì ní kọ̀ wọ́n. Jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà, ẹ fi í sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ti Màmá yàtọ̀ o, ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ti dókítà wọn.

Kí Màmá tó kúrò ní Ìbàdàn, kí wọ́n rí dókítà yẹn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú kí èèyàn tọ̀ púpọ̀, nínú aṣálẹ̀ ìyẹn máa ń tètè fa omi ara gbẹ. Kí wọ́n béèrè bóyá irú rẹ̀ ni tiwọn, kí wọ́n má ṣe dá a dúró fúnra wọn nítorí ìrìn àjò. Kí ẹ̀yin náà sì ra ìwé adójútòfò ìlera fún àlejò kí wọ́n tó wọ bàálù. Hẹlikópítà tó bá gbé èèyàn jáde nínú ọ̀gbun, ilé ìwòsàn ló máa gbé e lọ, owó ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà fún ẹni tí kò ní adójútòfò sì jẹ́ ohun tí ẹ ti mọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé atọ́nà kì í bá ìdílé tiwa sọ: jínótáìpù. Bèbè Bryce ga láti bíi 2,400 mítà dé nǹkan bíi 2,770 mítà sókè ìtẹ́jú òkun, Houston sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Fún ẹni tó jẹ́ SS, afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́, omi ara tó gbẹ àti òtútù òru ni ohun mẹ́ta tó lè fa ìrora egungun tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ má gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ débẹ̀ láìjẹ́ pé oníṣègùn tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀. AS kì í sábà ní wàhálà, ọ̀pọ̀ jù lọ á rìn, wọ́n á sì padà láyọ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun àti àwọn eléré ìdárayá tó jẹ́ AS ti kú rí ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n lo agbára kọjá ààlà nínú ooru. Tó bá jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni ẹ bí àwọn ọmọ yín sí, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún un nígbà tí wọ́n bí wọn. Ẹ béèrè èsì rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà wọn. Àkọ́bí tó bá jẹ́ AS ṣì lè rìn, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sáré gun òkè, kò sì gbọ́dọ̀ wà láìlómi.

Ní ti bí ẹ ṣe máa tò ó: ẹ wọ bàálù lọ sí Las Vegas, ẹ háyà ọkọ̀ tó gba èèyàn méje kí ẹrù lè ráyè. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí Zion torí òun ló sún mọ́ tòsí. Èmi á ní kí ẹ kọjá lọ sí Bryce, bíi 260 máìlì, wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ibẹ̀ tutù: ọ̀sán oṣù Keje sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 27°C, òru á sì béèrè súwẹ́tà. Ara yín á fi ọjọ́ méjì mọ afẹ́fẹ́ gbígbẹ kí ooru gidi tó dé. Ìdí kejì jẹ́ ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Òkúta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní Bryce ni òkúta tó wà lókè pátápátá ní Zion, èyí tó wà nísàlẹ̀ Zion ló sì wà lókè ní Grand Canyon. Ẹni tó bá ti Bryce dé Zion, tó wá ti Zion dé Grand Canyon, ńṣe ló ń sọ àtẹ̀gùn ayé kalẹ̀, láti òkúta tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ dé èyí tó wà nítòsí odò Colorado, tó ti lé ní bílíọ̀nù ọdún kan àtààbọ̀. Sọ èyí fún ọmọ ọdún 14 nínú ọkọ̀, ó lè gbé fóònù sílẹ̀. Ó lè má gbé e sílẹ̀ náà.

Ní Bryce, ẹ fi ọjọ́ àkọ́kọ́ rọra rìn. Láti Sunset Point sí Sunrise Point kò ju ààbọ̀ máìlì lọ, wọ́n ti fi ọ̀dà tẹ́ ẹ, àga sì wà níbẹ̀: ti Màmá nìyẹn. Lábẹ́ bèbè ni àwọn òpó òkúta pupa yẹn ti dúró lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, omi dídì ló gbẹ́ wọn. Omi ń wọnú lílà òkúta lọ́sàn-án, ó ń dì lóru, ó ń fẹ̀, ó sì ń la òkúta, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ òru lọ́dọọdún. Ìtàn àwọn Paiute, tó jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀ kí Òyìnbó tó dé, yàtọ̀: wọ́n ní àwọn ènìyàn àtijọ́ kan ni, tí ìwà wọn burú, tí Ìkookò Kékeré tí wọ́n ń pè ní Coyote sì sọ wọ́n di òkúta pẹ̀lú gbogbo ọ̀dà tí wọ́n fi kun ojú. Ẹ jẹ́ kí Màmá ló sọ ọ́ fún àwọn ìbejì ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ ju rénjà lọ. Ebenezer Bryce, àgbẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀, kò rí ènìyàn kankan nínú òkúta náà. Ohun tí wọ́n ní ó sọ ni pé ibi burúkú gbáà ni kí màlúù èèyàn sọnù sí.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le gba ọ̀nà Queen's Garden sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì gba ọ̀nà Navajo Loop gòkè. Bíi máìlì mẹ́ta ni. Ẹ má ṣe yí i padà, torí Queen's Garden ni ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ rọ̀ jù, orúnkún á dúpẹ́. Àwọn ìbejì lè ṣe é. Lóru, ẹ pa iná ọkọ̀, ẹ wo òkè. Àwọn ọmọ tí a tọ́ ní Houston kò tíì rí ìràwọ̀.

Láti Bryce sí Zion jẹ́ bíi 85 máìlì, ẹ ó sì gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè kọjá, ó lé ní máìlì kan, ọdún 1930 ni wọ́n parí rẹ̀. Ní Zion, ibi tí ẹ̀ ń lọ wà nísàlẹ̀ ọ̀gbun, ọ̀nà rẹ̀ kò sì gba ọkọ̀ aládàáni lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló ń gbé èèyàn. Ẹ sùn ní Springdale, ẹ wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, kí ẹ ti padà sí hòtẹ́ẹ̀lì ṣáájú aago mọ́kànlá, kí gbogbo ilé sùn, kí ẹ tún jáde lẹ́yìn aago márùn-ún. Ẹni tó bá ń rìn lọ́sàn-án gangan ní Zion lóṣù Keje ń bá 38°C jà láìnídìí. Riverside Walk ni ọ̀nà tó dára jù fún gbogbo yín: máìlì méjì ó lé díẹ̀ ní àlọ àtàbọ̀, ó tẹ́jú, odò Virgin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkúta gíga sì ń ṣíji bò ó.

Ibi tí ọ̀nà yẹn parí sí ni Narrows bẹ̀rẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń rìn nínú odò fúnra rẹ̀ láàárín ògiri òkúta méjì. Ó dùn, àwọn ọmọ á sì bẹ̀ yín. Mo ní ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ dé ibi tí omi bá kan orúnkún wọn, pẹ̀lú bàtà tó di ẹsẹ̀ mú dáadáa àti ọ̀pá lọ́wọ́ (wọ́n ń háyà méjèèjì ní Springdale), kí wọ́n má sì gbé omi odò náà mì, torí wọ́n ti rí kòkòrò àìfojúrí tó ní májèlé nínú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ní àárọ̀ ni ìkìlọ̀ àgbàrá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí èyí ni ohun tí ojú tó dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá kì í tètè rí. Nílé, òjò á ṣú, atẹ́gùn á fẹ́, a ó sá wọlé kí àgbàrá tó dé. Ní ilẹ̀ àpáta yìí, ilẹ̀ kò mu omi. Òjò tó rọ̀ ní máìlì mẹ́wàá sí ibi tí ẹ wà á kóra jọ lórí òkúta, á wọ inú ojú ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo, á dé ọ̀dọ̀ yín lábẹ́ ọ̀run tó mọ́ kedere. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Nínú ọ̀gbun tóóró, onílé ò ní ibi tó máa dúró sí tí kò fi ní gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, àgbàrá gbé èèyàn mọ́kànlá lọ ní Antelope Canyon, lórí ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, òjò tó fà á kò sì rọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, èèyàn méje kú ní Keyhole Canyon nínú Zion. Láti àárín oṣù Keje lọ ni àsìkò òjò àrá ibẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń kọ ìwọ̀n ewu àgbàrá fún Zion, ní ìpele mẹ́rin. Tó bá kọjá ìpele àkọ́kọ́, ẹ wo Narrows láti etí odò, kí ẹ lọ jẹun. Tí ẹ bá sì ti wà nínú odò, tí omi tó mọ́ bá ṣàdédé dà bí ẹrẹ̀, tí igi wẹ́wẹ́ ń ṣàn kọjá, tàbí tí ẹ gbọ́ ìró tó ń hó bọ̀ láti òkè odò, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹ gun ibi gíga tó bá sún mọ́ yín jù.

Láti Zion dé South Rim á gbà yín tó wákàtí márùn-ún, ẹ ó sì kọjá ní ìlú Page. Aago á dà yín láàmú lójú ọ̀nà yìí. Utah máa ń sún aago síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Arizona kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn Navajo tó wà nínú Arizona sì ń ṣe bíi ti Utah. Tí ẹ bá sanwó fún amọ̀nà láti wo Antelope Canyon (ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀ ọ́ láìsí amọ̀nà Navajo), ẹ béèrè pé aago ta ni wọ́n ń sọ.

Òru mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ sùn ní South Rim. Ọ̀nà etí bèbè, Rim Trail, tẹ́jú ní ọ̀pọ̀ ibi, kẹ̀kẹ́ aláìsàn sì lè gbà á. Páàkì máa ń yá àwọn èèyàn ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ibùdó àlejò. Apá kan rẹ̀ wà tí wọ́n ti to òkúta ọ̀gbun náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí ìṣísẹ̀ mítà kan dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan. Àwọn ìbejì á fẹ́ máa kà á. Ẹ mú wọn dání lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní irin ìdènà, ìsàlẹ̀ sì jìn ju kìlómítà kan lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún ọ̀kẹ́rẹ́ ní ìpékeré. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ ti mọ èèyàn jù, wọ́n ń gé ọwọ́ jẹ, owó ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá bọ́ wọn. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ á gbé Màmá lọ sí Hermit Road láti máa sọ̀ níbi tó bá wù wọ́n. Ẹ sì fi ọkọ̀ yín gbé wọn lọ sí ilé ìṣọ́ Desert View, èyí tí obìnrin ayàwòrán-ilé Mary Colter parí ní 1932.

Fún bàbá àti àkọ́bí, ọ̀nà South Kaibab tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun ni, ní ìdájí, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì orí. Kò sí omi rárá lójú ọ̀nà yẹn, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ooh Aah Point kò tó máìlì méjì ní àlọ àtàbọ̀, Cedar Ridge jẹ́ mẹ́ta, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ju 330 mítà lọ. Cedar Ridge ni òpin. Tí àkọ́bí bá ní kí àwọn lọ síwájú, kí bàbá rẹ̀ rántí pé ìyàwó òun ti ka èyí.

Ọ̀rọ̀ owó ò gùn. Mọ́tò kan ń san 35 dọ́là ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú páàkì mẹ́ta yìí, àmọ́ ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin ní Amẹ́ríkà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìwọlé ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Every Kid Outdoors, tó ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Méjì lẹ ní. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, ìjọba tún ti fi 100 dọ́là lé owó ìwọlé ẹnikẹ́ni tó ti tó ọdún 16 tí kì í ṣe olùgbé Amẹ́ríkà ní páàkì mọ́kànlá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sì wà nínú wọn. Ẹ ka ojú ìwé owó ìwọlé páàkì kọ̀ọ̀kan lórí nps.gov nítorí Màmá kí ẹ tó gbéra. Ní ibùdó àlejò, ẹ gba ìwé Junior Ranger fún àwọn ìbejì. Wọ́n á dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀, wọ́n á búra níwájú rénjà, wọ́n á gba báàjì.

Ó ku Angels Landing. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni ìwé àṣẹ ti di dandan fún apá tó kẹ́yìn, níbi tí èèyàn ti ń di ṣéènì mú lórí òkúta tóóró tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ jẹ́ ọ̀gbun. Wọ́n ń ṣẹ́ kèké fún un lórí recreation.gov. Àyè kan ń ṣí ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn, láti òru títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, èsì á sì dé ní aago mẹ́rin. Èmi ò ní kí ọmọ ọdún 14 má lọ tó bá jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn, tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí òjò ò sì rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ìbejì ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Tí kèké ò bá mú yín, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé àṣẹ títí dé Scout Lookout, níbi tí ṣéènì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì yín ní Zion, kí ẹ fi aago ìdájí sí fóònù.